Ọkọ̀ Tí Kì í Tijú

"Toyibat, kí lo rí níwájú?"

"Márúwá méjì ni, Bàbá mi. Èyí ẹ̀yìn fẹ́ yà síwájú wa."

"Mo ti rí i tipẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì rọra tẹ búréèkì.

Láti ìgbà tí Toyibat ti wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá àti ọmọ ti ń ṣe eré yìí. Múìdéènì, bàbá rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìdérí ìgò ní Àgbárá. Láràárọ̀ ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ní Sángo, tí á gba inú Ọ̀tà já sí títì Ìdí-Ìrókò, tí á sì yà ní Àtàn gba ọ̀nà Lúsàdà. Ilé-ìwé Toyibat kò jìnnà sí Àtàn, nítorí náà ilé-iṣẹ́ gbà á láàyè kó máa jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìjókòó ọ̀fẹ́ o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sọ̀rọ̀ kí oorun má bàa gbé dẹ́rẹ́bà, nítorí pé kí ọkọ̀ tó jáde kúrò nínú Ọ̀tà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń hanrun.

Wọ́n ń sùn nítorí pé ọkàn wọn balẹ̀. Ọdún méjìlá ni Múìdéènì ti ń gba ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ kò họ ẹnikẹ́ni lára rí. Ó mọ gbogbo kòtò ojú títì débi pé ó ti sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó tóbi jù lọ nínú wọn ló pè ní Ìyá Ìyàwó, nítorí kò sí ọkọ̀ tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní kúnlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣàwàdà pé bí Múìdéènì bá di ojú rẹ̀ méjèèjì, yóò wa ọkọ̀ náà dé Àgbárá láyọ̀. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ a sì máa dùn.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ephraim, olùkọ́ físíìsì wọn, kéde ìdíje àríyànjiyàn láàárín kíláàsì méjì. Kókó tí wọn yóò jiyàn lé lórí ni pé ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ lè mú kí títì láàbò ju awakọ̀ tó jẹ́ ènìyàn lọ. Toyibat ni wọ́n mú pé kó gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ. Démiládé, ọmọkùnrin ẹlẹ́nu mímú kan láti kíláàsì tí wọ́n jọ ń díje, ni yóò gbè sẹ́yìn ènìyàn. Gbogbo ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ dẹ́rẹ́bà ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

Nígbà tó sọ ọ́ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oorun dá lójú àwọn èrò. Ọpẹ́mipọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ náà, ní kò sí ohun tí wọ́n tún ń jiyàn lé lórí, ẹ̀rọ kì í mu ọtí, kì í tẹ fóònù, kì í sì í bá ẹni tó bá yà síwájú rẹ̀ jà. Bàbá Àríyọ̀, àgbà òṣìṣẹ́ kan, dá a lóhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé abẹ́ bíríìjì Sángo, tó ń dúró kí àwọn ọlọ́kadà fún òun lọ́nà, ibẹ̀ ni yóò wà títí di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Múìdéènì sọ tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè," ni ó wí. "Tí tírélà bá kú sójú títì níbí, kí la máa ń fi sẹ́yìn rẹ̀?"

"Ewé ni," ni wọ́n dáhùn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Dẹ́rẹ́bà á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, á tò ó sójú títì láti ọ̀ọ́kán, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti kú síwájú.

"Ó dára. Ta ni yóò sọ fún kọ̀ǹpútà òyìnbó pé ewé ń sọ̀rọ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Toyibat náà pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló wà. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn tí àwọn ènìyàn bá ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò dùn mọ́ ọn, tí kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti bí ọdún kan ni eré "kí lo rí níwájú" kò ti jọ eré mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín Sángo sí Àtàn ni bàbá rẹ̀ ń bi í. Ní báyìí, kò sí ìṣẹ́jú tí kò ní bi í. Nígbà tó mú èsì ìdánwò rẹ̀ wálé, bàbá rẹ̀ wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀, ó ní iná kò mọ́lẹ̀ tó, ó sì nà án sí ìyá Toyibat, Fàsílátù, pé kó kà á. Ọ̀sán gangan ni. Ọjọ́ kan tún wà tó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì kí i tayọ̀tayọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ṣàkírù!" Fàsílátù fi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Toyibat kò lè rẹ́rìn-ín.

Ó lọ bi Ọ̀gbẹ́ni Ephraim nípa ojú ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Olùkọ́ náà ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn ló fi ń ríran, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, oorun kì í sì í kùn ún. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí òjò tàbí ẹrẹ̀ lè bo ojú rẹ̀.

"Tí ẹrẹ̀ bá wá bò ó ńkọ́, sà?"

"Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa nínú wọn á mọ̀ pé òun ò ríran mọ́. Á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á sì dúró. Ẹ̀rọ kì í tijú, Toyibat."

Toyibat kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì ń wò ó títí aago fi lù.

Ọjọ́rùú ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìwé àríyànjiyàn náà ló wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń kọ́ ọ sórí. Wọ́n ti fi Ìyá Ìyàwó sẹ́yìn, títì sì dán níwájú, bàbá rẹ̀ sì ti ń sáré. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti sùn lọ. Toyibat gbójú sókè láti wò bóyá òun mọ ìpínrọ̀ kejì láìwòwé. Ohun tó rí ni ẹ̀ka igi tútù, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, àti tírélà tó gbé irin dúró gbagidi lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ wọn sì ń sáré lọ bó ṣe ń lọ.

"Ewé! Bàbá mi, ewé!"

Múìdéènì fi gbogbo ara tẹ búréèkì. Táyà han, àwọn èrò tó ń sùn fi orí gbá ìjókòó iwájú wọn, ọkọ̀ náà sì yà, ó dúró sórí koríko. Láàárín wọn àti irin náà, ènìyàn kan péré ló lè gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó ṣèṣe, ọpẹ́ gba inú ọkọ̀ kan. Àǹtí Olúkẹ́mi, nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ náà, bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ó dá orin ọpẹ́, gbogbo wọn sì gbè é. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ń wí pé àlùhámúdúlílàhì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí Múìdéènì ká, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, ìròyìn mìíràn ni ilé wọn ì bá gbọ́. Bàbá Àríyọ̀ pe Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ nílé-iṣẹ́, lórí fóònù níbẹ̀, ó ròyìn fún un. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí òun yóò fún ní bọ́ọ̀sì tuntun, èyí tó ń gbé ọgọ́ta ènìyàn. Múìdéènì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí wà á láti ọjọ́ Ajé.

Múìdéènì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Toyibat fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé-ìwé rẹ̀, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Mo ti rí i kó o tó pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Toyibat dáhùn, ó sì ń lọ. Ọgọ́ta ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n pe àwọn òbí, Múìdéènì sì wá, ó wọ bùbá tuntun, ó jókòó síwájú. Toyibat sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ nípa ọtí, ó sọ nípa oorun, ó sọ nípa fóònù. Démiládé wá dìde, ó gbọ́n ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ tó ń wa ara rẹ̀ wá sí Ọ̀tà wá túmọ̀ ewé fún òun. Gbọ̀ngàn náà hó yèè. Ó ní lọ́jọ́rùú tó kọjá yìí gan-an, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan ì bá kó sábẹ́ tírélà nítòsí ilé-ìwé àwọn, bí kì í bá ṣe pé awakọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ènìyàn rí ewé tó sì mọ ohun tó ń sọ.

"Awakọ̀ náà ló jókòó yìí," ni Démiládé wí, ó sì nawọ́ sí Múìdéènì. "Bàbá ẹni tí à ń bá jiyàn ni."

Wọ́n ní kí Múìdéènì dìde, ó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá ní kí Toyibat fèsì. Èsì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù tí yóò sọ, Démiládé ì bá sì jókòó. Kó kàn wí pé ènìyàn mọ ìtumọ̀ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá rí i ńkọ́, tí ojú sì ń tì í láti sọ? Ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró láàárín àwọn ènìyàn nínú bùbá tuntun. Ó ní òun kò ní èsì. Máàkì méjì ni Démiládé fi borí rẹ̀.

Kò banú jẹ́ pé wọ́n borí òun. Ó mọ̀ pé kì í ṣe níbẹ̀ ló yẹ kí òun ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé tí òun kò bá sọ ọ́ níbì kankan kí ọjọ́ Ajé tó dé, a jẹ́ pé òun náà ń tan ọgọ́ta ènìyàn jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Múìdéènì ń fọ ọkọ̀ níwájú ilé wọn ní Sángo. Ní òdìkejì ọ̀nà, mọ́tò aláwọ̀ búlúù ti Bàbá Ògúndèjì, aládùúgbò wọn, dúró sẹ́nu géètì rẹ̀. Toyibat jáde, ó kúnlẹ̀ sórí omi ọṣẹ tó ń ṣàn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà mọ́tò Bàbá Ògúndèjì."

Múìdéènì kò tilẹ̀ rò ó. "418 ni," ni ó wí, ó sì ń fọ táyà rẹ̀ lọ. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Nọ́ńbà mọ́tò wọn àtijọ́ nìyẹn, Bàbá mi. Wọ́n ti tà á lọ́jọ́bọ̀. Òmíràn ni wọ́n rà yẹn, àwọ̀ wọn ló jọra."

Kàn-ìn-kàn-ìn ìfọmọ́tò dúró lọ́wọ́ Múìdéènì. Ó wo òdìkejì ọ̀nà, ó fún ojú pọ̀, ó tún wò ó. Ó kọjá sí òdìkejì, ó ń súnmọ́ mọ́tò náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan nọ́ńbà rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ìbínú wà lójú rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ Toyibat bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé-ìwé nìyẹn, pé kó máa dán baba rẹ̀ wò.

Ẹ̀rù ba Toyibat, ṣùgbọ́n kò dìde. "Ìwé ni mò ń kà lọ́jọ́ yẹn, sà," ni ó wí. "Ká ní mo ka ìlà kan sí i ni, gbogbo wa là bá ti kú. Mi ò fẹ́ jẹ́ ojú yín mọ́, Bàbá mi. Mo fẹ́ kí ẹ ní ojú tiyín."

Múìdéènì jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà. Fàsílátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Múìdéènì nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti bí ọdún kan ni kùrukùru ti ń bo ojú òun, bí ẹni tó ń wo títì láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Ó ní òun rántí Akíndé, ọ̀rẹ́ òun, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ mìíràn nítorí ojú, tó sì wà nílé títí di òní. Nítorí náà ni òun ṣe há gbogbo ọ̀nà sórí, kòtò kọ̀ọ̀kan, bọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀.

"Ọkọ̀ tí à ń bú pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìkan ló mọ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "èmi gan-an ni ọkọ̀ ọ̀hún."

Fàsílátù ní ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ó mú fóònù wá, ó tẹ nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dẹ́rẹ́bà mìíràn ló jókòó sídìí ọkọ̀. Múìdéènì wọlé láti ẹnu ọ̀nà èrò, Toyibat tẹ̀ lé e. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Sángo, Múìdéènì dìde láàárín wọn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́, ẹni tó rí ewé ni ọmọ òun. Bàbá Àríyọ̀ bínú gidigidi. Ó ní àwọn ti ń sùn lẹ́yìn ẹni tí kò ríran fún odidi ọdún kan, àwọn sì tún ń yìn ín. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kó má bínú, Múìdéènì náà sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú ọkọ̀, ó tọrọ àforíjì.

Àǹtí Olúkẹ́mi ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. "Ọpẹ́ tí a dá lọ́jọ́ yẹn kò ṣòfò," ni ó wí. "Ilé tó yẹ kó lọ ni kò mọ̀. Toyibat, ọmọ mi, o ṣeun. Múìdéènì, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́la."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Múìdéènì kò fi ọwọ́ kan ọkọ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì tuntun náà fún ẹlòmíràn. Géètì ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi í sí, tó ń ṣí i, tó ń tì í, àwọn kan a sì máa yọ ṣùtì sí i bí wọ́n bá ń wọlé. Toyibat náà gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé-ìwé sọ fún un pé Toyibat ló fi ẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ baba rẹ̀ jẹ́. Ó sunkún dé ilé lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo ẹyinjú Múìdéènì, pé ó ṣeé ṣí kúrò, pé bó bá tún pẹ́ ni ì bá nira. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, ó san. Wọ́n ṣe ti òsì, òun náà san. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé wá pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ ojú gbogbo awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n rí awakọ̀ méjì mìíràn tí ojú wọn kò dá, àwọn náà ti ń fi í pamọ́. A fún wọn ní awò ojú, iṣẹ́ wọn kò sì bọ́.

Ọjọ́ tí Múìdéènì padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́, Bàbá Àríyọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó na ìka mẹ́ta sókè láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí dẹ́rẹ́bà kà á. Múìdéènì kà á, ó tún sọ fún un pé èékánná ọ̀kan nínú wọn dọ̀tí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Toyibat jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú. Wọ́n jáde kúrò nínú Ọ̀tà, ó ń dúró kí bàbá rẹ̀ béèrè ohun tó rí. Kò béèrè. Òun ló ń sọ fún ọmọ: ọlọ́kadà kan tó gbé ewúrẹ́, ìyá kan tó fẹ́ sọdá, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kun ní ọ̀dà tuntun. Ìyá Ìyàwó náà kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n ti dí i. Múìdéènì ní bí òun bá ṣì ń fi orí wa ọkọ̀ ni, òun ì bá ti kúnlẹ̀ fún ilẹ̀ gbalasa.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé-ìwé, ó pa ọkọ̀, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

"O ní olùkọ́ yín sọ pé ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ bá ṣú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró," ni ó wí. "Èmi ò dúró. Ìwọ lo dá mi dúró. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. O ṣeun, ọmọ mi."

Toyibat bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ létí títì, ó ní kí bàbá òun má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn ló ti gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúpẹ́ láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn ló sì lajú sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń sùn.

Toyibat kò mọ ọdún tí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ yóò dé Sángo, kò sì mọ̀ bóyá yóò mọ ìtumọ̀ ewé tó bá dé. Ohun tó mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Yálà ènìyàn ló ń wa ọkọ̀ ni o, yálà ẹ̀rọ ni, ẹni tó bá lè sọ pé "mi ò ríran mọ́" kó sì dúró ló ń dáàbò bo ojú títì. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn awakọ̀ kan, kó má ṣe bá a fi ojú tó ń ṣú pamọ́. Ó gbá ẹrẹ̀ kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó ju ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ láti ẹnu géètì. Láti ọ̀ọ́kán yẹn, bàbá rẹ̀ rí i, ó sì ju ọwọ́ padà.